Awò Ojú Méjì

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá
Mo rí fọ́tò Bàbá nínú àpótí aṣọ wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, ẹnikẹ́ni ò ṣí i. Fọ́tò ìbejì ni mo sọ wọ́n — méjì-méjì lára páálí kékeré kan, iná ń gba inú wọn kọjá. Tàjùdéèn àbúrò mi ní awò kan wà tí wọ́n fi ń wò ó. Tèèyàn bá gbé e sójú, tí ojú kọ̀ọ̀kan ń wo fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ẹni inú fọ́tò á dìde bí alààyè. Mo fẹ́ kí Bàbá dìde fún mi.

Ọjọ́rú, 8
Yábà. Àlíyù tó ń ta kámẹ́rà àtijọ́ kó awò mẹ́ta sílẹ̀. Dúdú, tó ń lo bátìrì. Pupa, tó ní kọ́kọ́rọ́ tí a ń yí. Ẹ̀kẹta ò ní gílóòbù, ojú fèrèsé la ó kọ ọ́ sí. “Àǹtí, ẹ fara balẹ̀ yàn.” Mo mú dúdú.

Ọjọ́bọ̀, 9
Ó ti bàjẹ́! Bàbá dúró ní ibùdó ojú irin Ìdó, wọ́n nawọ́ síwájú — pẹlẹbẹ, bí àwòrán ara kàlẹ́ńdà. Mo dá a padà, mo gba pupa.

Ọjọ́ Ẹtì, 10
Pupa náà. Pẹlẹbẹ.

Àbámẹ́ta, 11
Mo lọ bá Àlíyù jà. Ó gbé e sójú ara ẹ̀. “Àǹtí, ó ń ṣiṣẹ́ o. Ọwọ́ bàbá yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn mí nímú.” Mo ní irọ́ ni. Ó pe obìnrin tó ń ta fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Obìnrin náà wò ó, ó fà sẹ́yìn, ó pariwo.
Mo gba ẹ̀kẹta, mo bá tèmi lọ.

Àìkú, 12
Tàjùdéèn wá kí mi ní Mushin. Mo gbé awò fún un lójú fèrèsé. Ó wò ó pẹ́, omi bọ́ lójú ẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, Bàbá dìde lóòótọ́.”
Mo ní èmi náà rí i. Irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́ Ajé, 13
Mo tún wo inú awò. Mo fọwọ́ bo ojú òsì — Bàbá wà níbẹ̀. Mo bo ọ̀tún — òkùnkùn, àfi etí fọ́tò díẹ̀, bí ẹni ń wo nǹkan látinú èéfín.
Abájọ tí abẹ́rẹ́ fi ń gún mi níka nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Abájọ tí mo ń bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Mo ti ń sọ pé àárẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 17
Ilé ìwòsàn ojú. Dókítà obìnrin, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò pọ̀. Àìsàn kan tí kì í dunni, díẹ̀díẹ̀ ló ń jí ojú lọ. Òsì ti lọ, kò ní padà. Ọ̀tún ti ń tẹ̀ lé e. Títí ayé ni mo máa kán oògùn sí i.
Ó bi mí ta ló fọ́jú nínú ẹbí. Mo ní ìyá Bàbá, n'Íjẹ̀bú, ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n mú ọmọ mi wá.

Àbámẹ́ta, 18
Mo pe Fadilah. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Mo ní kó fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, kó ka ìka mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni.
Mo na ìka mẹ́rin sókè.
Ó dúró. Ó ń dúró dè mí.
“Mọ́mì, ṣé ẹ ò tíì nawọ́ yín sókè ni?”