Ọ̀sẹ̀ Tí Inúolúwa Jẹ Ọ̀gá

Ajé, 12 January 2026

Ẹ̀gbọ́n Gbénga kì í ṣe ọ̀gá lọ́sẹ̀ yìí. Inúolúwa, tó kéré jù nínú wa, lọ̀gá.

Ẹ̀gbọ́n ló fọwọ́ ara wọn fà á. Wọ́n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ méjì lórí agile leadership, ìyẹn ọ̀gá tó ń bá àyípadà yí, wọ́n gbé òfin dé: ọjà ayé ò dúró sójú kan, ká máa ṣẹ́ kèké ọ̀gá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí kèké bá mú, kódà àwọn náà á gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Wọ́n buwọ́ lù ú. Láti òní lọ, Baba Àyípadà lorúkọ wọn nínú ìwé yìí.

Mẹ́rin ni wá — Ẹ̀gbọ́n, èmi, Tádé tó ń wa ọkọ̀, Inúolúwa tá à ń pè ní Inú. Snow là ń kó níwájú ilé onílé. Ọgọ́ta ilé ní àdúgbò New Brighton ló ń bọ́ wa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, snow ò rọ̀. Àwọn onílé ní kí làwọn ń sanwó fún? Wọ́n máa dìbò ní Friday. Bí wọ́n bá lé wa, a kógbá wọlé nìyẹn.

Èmi ni mo kọ ìwé kèké mẹ́rin tó wà nínú agolo bisikíìtì. Orúkọ Inú ló wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ti pẹ́ tọ́mọ yẹn ti ń rí nǹkan tá a ò jẹ́ kó sọ.

Ìṣẹ́gun, 13

Inú kúnlẹ̀ kó tó pàṣẹ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, bí ò bá ní ni yín lára, ẹ bá wa gbé ṣọ́bìrì." Baba Àyípadà: "Yes, boss." Inú ò dìde. Tádé ní, "Boss wey dey kneel down!"

Ọjọ́rú, 14

Chinook dé, atẹ́gùn gbígbóná tó máa ń já wọlé láàárín òtútù. Lánàá −17, lónìí +11. Gbogbo snow tó wà nílẹ̀ di omi. Baba Àyípadà ní ká lọ jókòó de òmíràn. Inú ní rárá — ohùn bíi ti ẹ̀fọn — omi yìí á di yìnyín bó bá dalẹ́, àwọn àgbà á máa yọ̀ ṣubú. Ká fọ́ yìnyín tó dí ẹnu gọ́tà, ká da iyanrìn sórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n lanu. Mo rọra ti ìwé òfin síwájú wọn. Wọ́n gbé ṣọ́bìrì. Ìgbà keje tí mo máa ti ìwé yẹn síwájú wọn nìyẹn, mo ń kà.

Ọjọ́bọ̀, 15

Ẹ̀gbọ́n fọ́ yìnyín fún wákàtí mẹ́rin. Wọ́n ní àyípadà dára. Ẹ̀yìn wọn ò gbà.

Ẹtì, 16

Òtútù padà dé. Gbogbo àdúgbò di gíláàsì. Ẹnu ọ̀nà àwọn oníbàárà wa nìkan ló ṣeé rìn. Màmá òyìnbó kan nínú ìgbìmọ̀ àwọn onílé jáde, ó fẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì, ó ya fọ́tò, ó wọlé.

Nírọ̀lẹ́, Baba Àyípadà gbé agolo kí n tó ráyè pààrọ̀ ìwé inú ẹ̀. Wọ́n mú ọ̀kan: Inú. Wọ́n tún mú: Inú. Wọ́n tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n wò mí. Mo ti ń kúnlẹ̀ láti bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n ká gbogbo ẹ̀ padà, wọ́n mi agolo dáadáa, wọ́n pe àwọn tó kù, wọ́n mú ọ̀kan. "Inúolúwa! Háà, kèké yìí mà mọ ojú ẹ o."

Wọ́n wá sọ sí mi létí: "Fikáyọ̀, tọ́jú kálámù yẹn."

New Brighton ti dìbò. Èsì di Monday, aago mẹ́sàn-án. Inú ṣì lọ̀gá. Bí wọ́n bá lé wa, ọ̀gá kí ni — ìyẹn ò tíì dé.