Ọ̀bẹ Ló Yọ, Èmi Kọ́ Ni Mo Yọ Ọ́

Àgọ́ Àwọn Awọnlẹ̀,
Ẹ̀yìn Odò Ọ̀fíkì, lọ́nà Ayétẹ̀.
Oṣù Kẹta, 1973.

Bàbá Ojúọlá, bàbá mi àtàtà,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti inú igbó tí mo wà yìí. Mo mọ̀ pé ẹ ò rí mi, ṣùgbọ́n mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó mú bírò. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ kú ooru. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín ti gbà kí ẹ máa dé oko? Ṣé Màmá ń jẹun dáadáa? Kí Elédùmarè má jẹ́ kí á gbúròó àìsàn nínú ilé yín. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni ò lélẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán.

Bàbá, ohun tí wọ́n sọ fún yín kì í ṣe òótọ́. Mi ò yọ ọ̀bẹ sí ọ̀gá mi. Ọlọ́pàá kankan ò mú mi. Mi ò sá wọ igbó. Awakọ̀ lọ́rì tó ń gbé oúnjẹ wá fún wa ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé Igbó-Ọrà, kì í sì í ṣe pé ó fẹ́ bà mí jẹ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un ló ṣe sọ ọ́. Ẹ ní kí n má mú irin kankan wọ ilẹ̀ yín mọ́, àti pé kí n wá kó iṣu tí mo gbé wá fún ìtọrọ Ojúọlá. Nígbà tí mo gbọ́, mo jókòó sórí àpótí, mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀bà iwájú mi tutù.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Fọlábí, lọ sí Ìbàdàn, wọ́n sì ra ọ̀bẹ ńlá bọ̀ fún gbogbo àwa tí à ń gé igbó níwájú àwọn tó ń fi ẹ̀wọ̀n wọn ilẹ̀. Ọ̀bẹ náà gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ìka, ó ń dán gbinrin, èkù rẹ̀ dúdú, ó sì ní àkọ̀ aláwọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń pariwo. Gàníyù ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Èrúwà, ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá fún yín, ti ń fi tirẹ̀ wo eyín ara rẹ̀ bíi dígí.

Ọ̀gá bi mí pé, "Àjàní, ìwọ ò sọ̀rọ̀?" Mo ní ọ̀bẹ náà lẹ́wà, àmọ́ mo fẹ́ rí ìrù rẹ̀. Wọ́n ní, "Ìrù kẹ̀? Ṣé ọ̀bọ ni mo rà ni?" Gbogbo àgọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin mọ̀, Bàbá, pé ìrù tí mò ń wí ni irin tó wọ inú èkù. Bàbá tó bí mi máa ń sọ pé ojú ọ̀bẹ ló ń pe èèyàn, ìrù ọ̀bẹ ló ń dá èèyàn padà sílé. Èyí tí ìrù rẹ̀ bá gba inú èkù já dé ìdí, tí wọ́n sì lu orí rẹ̀ tẹ̀, ìyẹn ni a lè gbé wọ igbó. Èyí tí wọ́n kàn fi oje lẹ̀ mọ́ inú èkù, ara ògiri ni kí wọ́n gbé e kọ́.

Ọ̀gá ní agídí mi ti pọ̀ jù, pé ọmọ oko ń kọ́ àwọn ní ọ̀bẹ. Wọ́n ní, "Ó dáa, gé kùkùté yẹn, kí n rí ìrù tí ò ń wí." Kùkùté àyìn ló tọ́ka sí, ẹ sì mọ bí àyìn gbígbẹ ṣe le. Mo ní kí ọ̀gá yẹ̀ kúrò níwájú mi. Wọ́n ní, "Ṣé èmi lo fẹ́ gé ni? Gé e jàre!" Wọ́n fara ti òpó àgọ́, wọ́n ká apá lérí àyà. Mo gé e lẹ́ẹ̀kan, ọ̀bẹ dúró. Mo gbé e sókè lẹ́ẹ̀kejì, bí mo ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni ọwọ́ mi fúyẹ́ lójijì.

Bàbá, fífúyẹ́ ọwọ́ yẹn, mo ṣì ń fi lá àlá. Mo wo ọwọ́ mi, èkù nìkan ló wà níbẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí irin náà tó gún òpó àgọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ọ̀gá, ó ń gbọ̀n, fìlà ọ̀gá sì wà nílẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ kan etí, wọ́n wo ọwọ́ náà, kò sí ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n bá rọra jókòó sínú eruku pẹ̀lú ṣòkòtò funfun wọn. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ọwọ́ tèmi tẹ èkù, idà ti lọ.

Nígbà tí ọ̀gá dìde, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé mo fẹ́ pa àwọn. Ọ̀gá ní kí wọ́n dì mí lókùn, kí wọ́n gbé mi lọ fún ọlọ́pàá l'Érúwà. Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó dúró tì mí, torí mo rò pé mi ò ní rí ẹnì kan ṣoṣo. Gàníyù ni ẹni kìíní. Ó gba okùn lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, ó jókòó lé e lórí, ó ní, "Ẹ wá gbé èmi náà." Edith, obìnrin Sàpẹ́lẹ́ tó ń se oúnjẹ fún wa, ni ẹnì kejì. Ó fi ṣíbí ọbẹ̀ tọ́ka sí ọ̀gá lójú: "Ọ̀gá, ìwọ sọ gé e! Etí mi gbọ́!" Ẹ foríjì í, kò mọ "ẹ" í lò, gbogbo wa pátá, "ìwọ" ló ń pè wá. Bàbá Ṣàngótọ́lá, ọdẹ tó ni ilẹ̀ tí a pàgọ́ sí, ni ẹnì kẹta. Wọ́n fa irin náà kúrò lára òpó, wọ́n gbé ìrù rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn rí i. Kò gùn ju àtàǹpàkò ọmọ ọwọ́ lọ, oje dúdú ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ní, "Fọlábí, ọmọ yìí ò fẹ́ pa ọ́. Ẹni tó ta èyí fún ọ ni kó o lọ dì lókùn." Ni àwọn tó kù bá ń ju ọ̀bẹ tuntun tiwọn sílẹ̀ níwájú ọ̀gá, wọ́n ń bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò kà mọ́.

Ọ̀gá ò tíì bẹ̀ mí, èmi náà ò sì bèèrè ẹ̀bẹ̀. Wọ́n kó gbogbo ọ̀bẹ náà padà sí Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní kí n lọ yan òmíràn fún wa l'Érúwà, wọn ò wo ojú mi. Mo lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tó ń fi irin sípíríǹgì mọ́tò rọ àdá. Àwọn àdá náà ò dán, wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo wo ìrù ọ̀kọ̀ọ̀kan títí dé ìdí èkù. Mo nà án síwájú, kí n mọ̀ bóyá orí rẹ̀ wúwo tó láti gé igi, tí kò sì ní fa ọrùn ọwọ́ ya. Mo fi èékánná ta á, mo tẹ́tí: èyí tó ké gbooro ni mo mú, èyí tó dún bí ìkòkò tó ti sán, mo fi í sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àdá lo wá rà ni àbí ìyàwó lo wá fẹ́?" Mo ní ìyàwó ti wà nílẹ̀, àdá ló kù. A jọ rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ru àdá dé àgọ́ ni mo bá iṣẹ́ yín níbẹ̀.

Ta ló wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́? Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Edith ni. Edith tó dúró tì mí! Awakọ̀ bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní àgọ́. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé ọ̀bẹ yọ lọ́wọ́ Àjàní, ó fò lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá. Yorùbá rẹ̀ ò tíì gún. Ohun tó sọ ni pé, "Àjàní yọ ọ̀bẹ sí ọ̀gá." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kúrò ní ipò rẹ̀, ó sì fẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi. Ti ọlọ́pàá àti ti igbó, ẹnu àwọn tó gbọ́ ọ lójú ọ̀nà ló fi kún un. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó ká ọwọ́ lé orí, ó sunkún títí ìrẹsì fi jóná. Láti ìgbà náà ló ti ń rìn káàkiri àgọ́ bí ẹni tó ń kọ́ orin: "Ọ̀bẹ ló yọ. Ọ̀bẹ ló yọ."

Bàbá, èkù tó kù sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ni Gàníyù mú wá fún yín yìí. Ẹ ti ìka bọ inú rẹ̀, kí ẹ wo bí ihò rẹ̀ ò ṣe jìn. Ọ̀wẹ̀ tí mo ṣèlérí láti fi ṣán oko yín kí òjò tó rọ̀, mo ń bọ̀ wá ṣe é. Gàníyù ń bọ̀. Edith ní òun ń bọ̀ wá se oúnjẹ, òun sì fẹ́ fẹnu ara òun sọ ọ́ fún yín. Bí ẹ bá ṣì ní irin ò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ yín, màá kó àdá sílẹ̀ lẹ́nu ààlà, màá sì fi ọwọ́ lásán fa koríko náà títí yóò fi tán. Àmọ́ iṣu yẹn, mi ò ní wá kó o.

Kí Ògún má ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ilé yín. Kí ohun tí ẹ bá gbìn lọ́dún yìí má jọ ti èṣí, kó ju ti èṣí lọ. Kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gba ọmọ Ojúọlá, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín sọ ọ́ lórúkọ.

Èmi ni àna yín bí ẹ bá gbà, àna yín náà sì ni bí ẹ ò bá tíì gbà,
Ògúnwùmí Àjàní.

Àfikún: Ojúọlá, mo mọ̀ pé ìwọ lò ń ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí. Bí o bá tún dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé ọ̀bẹ ló yọ, jọ̀wọ́, rọra kà á. Kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Má yí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo padà.