Wákàtí Kan Láti Ìlọrin sí Tamale

Ilé Baba Mumuni,
Sabonjida, Tamale,
Ghana.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kìíní, ọdún 2025.

Tóyọ̀sí, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

A sin Ìyá lánàá lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Kàmọ́rù ọmọ rẹ̀, àbúrò mi, kò sí níbẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú ìkíni kí o má baà máa wá a kiri inú lẹ́tà. Báwo ni ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Ìyá bi mí nípa rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti ìgbà tó ti gbà ọ́ sílé, nígbà tí o wá ṣiṣẹ́ níbí, o kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ojú oorun ló kú sí. O mọ ìṣe wa ní Sabonjida, òkú kì í sùn nílé. Ààfáà Ìsá ti ní ká kírun sí i lára lẹ́yìn Àìlà, kí Kàmọ́rù tó pè láti Ìlọrin, níbi tó ti ń ta táyà. Ó ní fóònù òun sọ pé láti pápákọ̀ òfuurufú Ìlọrin sí ti Tamale kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀ta kìlómítà lọ, wákàtí kan ó lé díẹ̀ lọkọ̀ máa fi fò ó. Ó bẹ̀ wá pé ká dúró de òun. Ojú títì ló máa ń gbà wá tẹ́lẹ̀, Kùtọnu, Lome, Accra, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú kó tó wọlé. Ta ni kò ní dúró fún wákàtí kan? Ààfáà sún un sí Aláásárì.

A wẹ Ìyá, a dì í. Àwọn èèyàn jókòó sábẹ́ máńgòrò, wọ́n ń wo òkè nínú ọyẹ́. Asana, ọ̀rẹ́ Ìyá láti Sakasaka, ló pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀: "Àbí ọkọ̀ náà ti di takisí Vittin, tó ń dúró kó kún?"

Nígbà tí mo pe Kàmọ́rù, ó ti gbé báàgì dé pápákọ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣàlàyé fún un pé kò sí ọkọ̀ tó ń fò bẹ́ẹ̀. Àfi kó gba Èkó àti Accra. Ojú sánmà lásán ni fóònù wọ̀n fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé bí wọ́n bá ti kọ wákàtí rẹ̀, ọkọ̀ wà níbẹ̀ ni." Wọ́n ní ọ̀nà kan ò wọjà, èyí kò tilẹ̀ wọ ibì kankan.

Mo sọ fún un pé a ò lè dúró mọ́. Ó wá ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n gbọ́ àdúrà náà."

Fuseini, aládùúgbò wa, na fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu Ààfáà lórí sàréè títí a fi bo yẹ̀pẹ̀ tán. Nígbà tí mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìpè náà ti já. A ò mọ ìgbà tó já.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Rashida ìyàwó mi ń kí ọ, Asana náà ní kí n kí ọ.

Kàmọ́rù fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí pé òun ti dé Accra, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọyẹ́ ti bo pápákọ̀ wa, wọn ò tíì sọ bóyá ọkọ̀ á lè balẹ̀ lónìí. Bó bá dé, màá bi í ibi tó gbọ́ àdúrà náà dé. Di ìsinsìnyí, n kò tíì mọ̀.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ bí ti àtẹ̀yìnwá,
Fataw