Atíkè Abẹ́ Fèrèsé

Agboolé Alápó,
Erúnmu,
Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹrin, 2026.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù aléékùm. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Erúnmu o. Ṣé ara yín le? Orúnkún tó máa ń dùn yín tí ẹ bá ti pẹ́ nídìí tábìlì iṣẹ́, ṣé ó ti rọ̀? Màámi ńkọ́, àti gbogbo ará Lálúpọn? Bí ẹ bá bi èmi náà, ara mi le bí òkúta, inú mi sì ń dùn débi pé tí mo bá ń rìn lọ sídìí kànga, ó ń ṣe mí bíi kí n máa fò. Alihamudulilahi.

Ẹ má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ. Mo gbìyànjú lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlagi ti ba etí yín jẹ́ díẹ̀, èmi náà sì ń sáré sọ̀rọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ gbọ́ kò ju "fèrèsé" àti "wó" lọ, ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, "Ta ló wó lù? Ta ló wó lù?" Kò wó lu ẹnikẹ́ni, Bàbá mi. Ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ẹ gbé awò yín wọ̀, ẹ jókòó, kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Safwan ọkọ mi, ọmọ yín. Ó ń tọ́jú mi. Kó tó gbéra lọ síbi iṣẹ́ iná tó ń ṣe ní Alákìá, á ti pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù, á ní kí àwọn èèyàn má rí òun, àmọ́ gbogbo agboolé ló ń rí i. Fèrèsé onígíláàsì tí wọ́n ń fà sọ́tùn-ún sósì ló wà ní yàrá tiwa. Bí ẹ ṣe kọ́ mi, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò nínú ojú irin tí gíláàsì ń gbà kọjá, kí ihò kékeré tí omi òjò ń bá jáde má baà dí. Safwan bá mi lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ṣé fèrèsé lo fẹ́ ni àbí èmi?" Mo ní àwọn méjèèjì ni.

Yàrá Màmá, ìyá ọkọ mi, ni wàhálà wà. Fèrèsé onígi ni tiwọn, olójú méjì, ọ̀dà búráùn ni wọ́n kùn ún, irin ńláńlá tí wọ́n fi ń dènà olè sì wà nínú, tí wọ́n kàn mọ́ fírémù. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni orí bẹ́ẹ̀dì Màmá wà, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn atẹ́gùn. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ yàrá náà lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, èmi ni mo sì ń ṣí fèrèsé. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n so yìgì wa tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lórí ìrọ̀rí wọn: ó funfun báláú, ó kúnná, ó kúnná gan-an. Ẹ sì mọ ìyàwó tuntun, kí n tó jáde láàárọ̀, ọrùn mi á ti funfun fún atíkè. Màmá wo ìrọ̀rí, wọ́n wo ọrùn mi, wọ́n ní, "Ìyàwó, ọrùn ni wọ́n ń fi atíkè sí, kì í ṣe orí ìrọ̀rí ìyá ọkọ."

Mo rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀bẹ̀, mo gbọ̀n ọ́n nù. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ti dé orí kúbùsù. Hasanat àbúrò ọkọ mi, tí èmi ń pè ní Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́ nítorí pé n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, sọ mí ní Ìyàwó Oníyẹ̀fun. Bí mo bá ti ń bọ̀ ní ilé ìdáná, á ní, "Ẹ bo ọbẹ̀ o! Ìyàwó Oníyẹ̀fun ti dé!" Eré ni, mo mọ̀ pé eré ni. Àmọ́ Màmá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n kàn ń wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ mi ni, bí ẹni pé ìgbálẹ̀ náà ló ń parọ́.

Ìgbà yẹn ni Àǹtí Muhsinah wá kí mi láti Lálúpọn, tí wọ́n gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè mí, tí wọ́n sì gbé e délé. Iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ẹ ní, "Ẹ sọ fún Mùjíbátù pé ọmọ káfíńtà tó dàgbà sínú lẹ́búlẹ́bú igi kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fi ìdọ̀tí mọ òun." Bàbá mi, mo sunkún. Ó dùn mí pé mo ti kó ìtìjú bá yín ní ilé ọkọ, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, n kò fi atíkè sára mọ́. Mo ń rìn káàkiri bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko ẹ̀gẹ́ dé.

Ọjọ́rú, nǹkan funfun náà tún já sílẹ̀. Ọjọ́bọ̀, ó já sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, bí mo ṣe rí i lórí ìrọ̀rí, tí mo fọwọ́ kan ọrùn mi tó gbẹ, ọ̀rọ̀ yín bá dìde lọ́kàn mi: lẹ́búlẹ́bú igi. Yéè! Èmi ọmọ káfíńtà! Èmi náà ti gbà pé atíkè mi ni, torí pé gbogbo ènìyàn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo gun orí àpótí, mo wo fírémù náà dáadáa. Ihò wà lára rẹ̀ wínníwínní bí ojú abẹ́rẹ́, ọ̀dà ló bo àwọn mìíràn mọ́lẹ̀. Mo fi eegun ìka kàn án bí ẹ ṣe kọ́ mi. Lókè, ó dáhùn kó kó. Nísàlẹ̀, níbi tí irin ti wọnú igi, ó dáhùn pò pò. Mo rántí pé ẹ máa ń sọ pé igi tó bá ti ń dáhùn báyẹn, kòkòrò ti di onílé níbẹ̀, ẹni tó ni ilé ló di àyálégbé. Mo tú píìnì híjáàbù mi, mo fi gún un. Píìnì wọlé dé orí, bí ìgbà tí wọ́n gún búrẹ́dì. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń gbé ìlẹ̀kùn fèrèsé náà sókè díẹ̀ kó tó lè padé. Ó ti ń tẹ̀, mi ò fura. Mo mi irin náà. Irin mì, fírémù mì tẹ̀lé e.

Bàbá mi, ẹ̀rù bà mí, ọ̀nà méjì ló sì gbà bà mí. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo ń wá ẹni tí màá di ẹ̀bi rù. Bí mi ò bá sọ ọ́, orí Màmá ló wà lábẹ́ irin yẹn. Ni mo bá lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn.

Màmá ní, "Atíkè ti wá di kòkòrò? Fèrèsé tí bàbá Safwan rà kó tó kú, láti ọdún tí mo bí Hasanat, kò ṣe nǹkan kan. Ìwọ tó dé lánàá lo wá mọ̀ pé ó ń jẹrà?" Mo kàn fi píìnì náà sí wọn lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ dákun, ẹ̀yin náà ẹ gún un." Wọ́n gún un. Ó wọlé. Wọ́n fà á yọ, wọ́n gún ibòmíràn, ó tún wọlé. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ọrùn mi.

Nígbà tí Safwan dé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi bá wa wọ́ bẹ́ẹ̀dì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kejì. Màmá ń kùn pé ooru ni yóò pa àwọn níbẹ̀. A ní kí wọ́n mú un mọ́ra títí di ọjọ́ Ajé tí káfíńtà yóò dé.

Fèrèsé náà kò dúró de ọjọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Sátidé, láàárín ìrun Àìlà àti Àlàásárì, òjò ṣú láti ọ̀nà oko, ìjì ṣáájú rẹ̀. Màmá ń sinmi ní yàrá. A kàn gbọ́ gbì-rà-gà-dà! Mo sáré wọlé. Fírémù, irin, ìlẹ̀kùn méjèèjì, gbogbo rẹ̀ ló wà nílẹ̀, ní ibi tí ìrọ̀rí Màmá ti máa ń wà gan-an. Màmá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kejì, wọ́n di gèlè wọn mú, òjò ń fọ́n sí wọn lójú. Wọn ò pè mí ní Ìyàwó. Wọ́n ní, "Mùjíbátù. Mùjíbátù ọmọ káfíńtà." Hasanat ló bú sẹ́kún, ó dì mọ́ mi, mo sì ń sọ fún un pé, "Ẹlẹ́yinjú-ẹgẹ́, ó tó, ẹ bo ọbẹ̀ o." Ló bá ń sunkún, ló ń rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ yìí ni Láyí káfíńtà dé, ọmọ ìjọ Kérúbù ni. Ó fi ọwọ́ lásán fọ́ fírémù náà, ó ní igi arère ni, pé kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Ó béèrè ẹni tó kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí mo ní èmi ni, tí mo sì dárúkọ yín pé ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ó pàtẹ́wọ́: "Bàbá Lálúpọn tó máa ń kan pákó wò kó tó rà á? Abájọ!" Igi apá ló fẹ́ fi ṣe tuntun. Ó kan gbogbo fèrèsé ilé wò, ọ̀kan ṣoṣo ní pálọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì ti fi oògùn igi pa á.

Màmá kò tíì sọ pé kí n má bínú. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ yìí, Hasanat ti Alákìá dé pẹ̀lú nǹkan kan nínú ọ̀rá. Màmá pè mí sí yàrá, wọ́n ní, "Ìyàwó, ọrùn rẹ ti gbẹ jù. Ìyàwó tuntun kì í rìn báyìí." Agolo atíkè ńlá ni. Àwọn fúnra wọn ló ṣí i, àwọn fúnra wọn ló fi pa mí lọ́rùn, títí dé àyà. Díẹ̀ já sórí kúbùsù wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Èyí, tìrẹ ni."

Bàbá mi, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ mi ní igi kíkàn. Ohun tí ń jẹ ilé láti inú wá, Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kó wọ ilé yín. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ, ojú yín kò ní ṣe bàìbàì, ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n lórí iṣẹ́. Àmín.

Èmi ni ọmọ yín tí kò kó ìtìjú bá yín,
Mùjíbátù, Ìyàwó Oníyẹ̀fun.

Mo tún rántí: Fèrèsé yàrá tiyín, èyí tí ẹ fi òkúta gbé ró, tí ẹ ti ń sọ pé "ọ̀la ni màá tún un ṣe" láti ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo ti fi píìnì kan rán Àǹtí Muhsinah sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé wọn.