Láísẹ́ńsì Rẹ Tí Bàbá Rẹ Gbé Kọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Ọmọ mi àtàtà, ẹni tí mo pọ̀n lánàá tó di ẹni tí iná ń gbọ́ràn sí lẹ́nu lónìí,

Mo kí ọ kú òwúrọ̀ bó bá jẹ́ òwúrọ̀ ni ìwé yìí bá ọ, mo kí ọ kú ìrọ̀lẹ́ bó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, bó bá sì jẹ́ orí àkàbà lo ti ń kà á, jọ̀wọ́ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣe é gbọ́ lórí ìdúró. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń sùn? Ṣé ò ń jẹun kánú? Iná kò ní í gbé ọ. Àkàbà kò ní í yẹ̀ lábẹ́ rẹ. Àwọn tí o bá bá ṣiṣẹ́ kò ní í máa sọ fún ọ pé kí o padà wá lọ́la tí o bá dé láti gba owó rẹ. Àmín. Àwa náà wà dáadáa níbí, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ìlẹ̀kùn àtijọ́, àti bàbá rẹ tí wọ́n fòfin dè pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà mọ́. Ó ní kí n má sọ fún ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè ń kọ̀wé.

Ṣé o rántí ìgbà tí o yege ìdánwò, tí wọ́n fún ọ ní láísẹ́ńsì pé o lè ṣiṣẹ́ iná ní ilé ẹnikẹ́ni, tí o sì fi fọ́tókọ́pì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa pé ká bá ọ yọ̀? A bá ọ yọ̀ lóòótọ́. Bàbá rẹ tiẹ̀ yọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó lẹ ìwé náà mọ́ pákó, ó fi ọ̀rá bò ó kí òjò má baà pa á, ó sì gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Mo rò pé ó ń fi ọ́ yangàn ni. Àṣé ọkùnrin yìí ti di oníṣẹ́ iná. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ iná. Ó ní ẹni tó ni igi ló ni èso orí rẹ̀, pé òun lòun bí ọ, gbogbo ohun tí o mọ̀, inú ẹ̀jẹ̀ òun ló ti wá, ó kàn ń sùn lára òun láti ọjọ́ yìí ni. Ó ní wáyà ni wáyà ń jẹ́, pé ẹni tó ti fi ayé rẹ̀ so wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, kí ló tún kù tí kò mọ̀. O mọ̀ pé n kò kàwé púpọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Èmi náà ti ń rò ó pé bóyá ìdajì láísẹ́ńsì yẹn tọ́ sí mi, nítorí èmi ni mo gbé oyún rẹ, bàbá rẹ kò gbé nǹkan kan.

Báyìí ni iṣẹ́ ya dé. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Mọ̀nàmọ́ná, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ ọn bíi ṣúgà. Ó fa iná sí ilé télọ̀ àti ilé oníbàtà, àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ pín ògiri kan. Nígbà tí télọ̀ tẹ súwíìsì rẹ̀, yàrá tiẹ̀ ṣú dùdù, ariwo ayọ̀ ló gbọ́ láti ọ̀dọ̀ oníbàtà. Nígbà tí oníbàtà tẹ tiẹ̀, iná tàn lọ́dọ̀ télọ̀. Bàbá rẹ ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe fẹ́ ẹ, kí aládùúgbò lè máa rántí ara wọn. Lóòótọ́, wọ́n ń rántí ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ìmọ́lẹ̀ á gbá ògiri, èkejì á sì bá a tẹ̀ ẹ́. Ti onígbàjámọ̀ yàtọ̀, ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àfi tí rédíò bá ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan ti fi orí tí wọ́n fá dé ìlàjì lọ sílé rí nítorí pé rédíò parí ètò.

Ṣùgbọ́n ti oníbúrẹ́dì ni gbogbo èèyàn yìn jù. Ìlẹ̀kùn páànù ilé búrẹ́dì rẹ̀, tí o bá fọwọ́ kàn án, á ta ọ́ wìn-ìn dé èjìká. Bàbá rẹ ní ti olè nìyẹn, pé òun kò ní í gba nǹkan kan lé e. Oníbúrẹ́dì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó oníbúrẹ́dì, èyí tí oyún rẹ̀ ti ga gan-an yìí, máa ń fi aṣọ di ọwọ́ kó tó ṣílẹ̀kùn láràárọ̀. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín.

Àṣé ṣòkòtò ni yóò tú wa fó. Télọ̀ rán ṣòkòtò fún oníbàtà, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Oníbàtà ní kó tú u rán. Télọ̀ ní ṣòkòtò kò ní àléébù, pé ẹsẹ̀ oníbàtà ni kò dọ́gba, kó lọ tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ìjà dé. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, télọ̀ kọ̀, kò tẹ súwíìsì mọ́. Oníbàtà náà kọ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń bú ara wọn láti ẹ̀yìn ògiri. Nígbà tí ó sú oníbàtà, ó gbéra, ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń mójú tó iṣẹ́ iná. Kì í ṣe pé ó lọ fẹjọ́ bàbá rẹ sùn o. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n pàṣẹ fún télọ̀ kó tẹ súwíìsì ni. Wọ́n bi í pé ta ló ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní Mọ̀nàmọ́ná ni. Wọ́n bi í bóyá Mọ̀nàmọ́ná ní láísẹ́ńsì. Ó ní ó ní in, ńlá, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó. Wọ́n ní àwọn á fẹ́ rí pákó náà.

Bí obìnrin kan ṣe dé lọ́sàn-án nìyẹn. Ó wọ bàtà ńlá bíi ti sójà, ó dé fìlà yẹ́lò kan tó le bí igbá. Mo rò pé ó ru nǹkan ni, mo fẹ́ bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ní rárá, orí lòun fi ń dáàbò bo. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti máa yẹ̀ ẹ́ wò, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ kan iná, ta ni kò ní in. Ó na ìka sí pákó, ó bèèrè pé ta ló ni ín. Bàbá rẹ nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò, ó ní òun ni.

Nísàlẹ̀ ìwé yẹn, o mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tó rí bí ibi tí èèrà ti rìn nínú tàdáwà, tí mo ti ń bá ọ kẹ́dùn láti ọjọ́ yìí pé wọ́n ba ìwé rẹ jẹ́. Obìnrin náà gbé fóònù rẹ̀ síwájú ibẹ̀ bí ẹni ń fi dígí han ọmọdé. Fóònù náà kà á, ó sì dún kín. Ó wo fóònù, ó wo bàbá rẹ, ó tún wo fóònù. Ó ní ohun tó wà níbí ni pé obìnrin ló ni láísẹ́ńsì yìí, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Bàbá rẹ wúkọ́ díẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ ló sọ òun dà báyìí.

Kí n má purọ́ fún ọ, bí mo bá ti dákẹ́, bóyá obìnrin náà ì bá gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo na ọrùn, mo rí ọ nínú fóònù, ìwọ gan-an, pẹ̀lú yẹtí tí mo rà fún ọ. Mo pariwo pé ọmọ mi rèé! Bàbá rẹ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, àbí kò rí ọmọ wa ni. Mo kí ọ, mo bi ọ́ pé kí ló dé tí o fi rù tó báyìí, o kò dá mi lóhùn, o kàn ń wò mí pẹ̀lú ojú líle. Tó bá jẹ́ pé inú ń bí ọ sí wa nígbà náà, jọ̀wọ́ má bínú mọ́.

Onífìlà-igbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ká máa mú òun lọ sí gbogbo ibi tí bàbá rẹ ti ṣiṣẹ́. Lọ́dọ̀ télọ̀, ó mi orí. Lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ó pa rédíò, ó tún tàn án, ó sì mi orí pẹ́. Nígbà tí a dé ilé búrẹ́dì, ó yọ nǹkan kékeré kan bíi bírò, ó fi kan ìlẹ̀kùn, nǹkan náà sì tanná pupa. Ó kígbe pé kí gbogbo èèyàn sún sẹ́yìn. Ó sáré lọ pa iná níbi mítà. Ó ní ilé náà kò ní ilẹ̀. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ma, kí ni a wá dúró lé? Ó ní wáyà kan wà tó yẹ kó gbé iná burúkú wọnú ilẹ̀ lọ, pé bàbá rẹ kò fi í síbẹ̀, ara ìlẹ̀kùn ni iná náà ń gbé.

Ó wá bi ìyàwó oníbúrẹ́dì pé báwo ló ṣe ń ṣílẹ̀kùn. Ó ní aṣọ lòun fi ń di ọwọ́. Onífìlà-igbá ní tí aṣọ náà bá tutù ńkọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù? Obìnrin náà ní kò tíì tutù rí, àfi àná tí òjò pa á lórí okùn, ọkọ òun ló bá òun ṣílẹ̀kùn lánàá. Onífìlà-igbá wo ikùn obìnrin náà, ó gbójú kúrò.

Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá rẹ jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, gbogbo ìdí ṣòkòtò rẹ̀ funfun, kò mọ̀. Nígbà tó yá, ó dìde lọ bá ìyàwó oníbúrẹ́dì, ó ní kó dárí ji òun, pé òun kò mọ̀ pé obìnrin náà lòun ń dẹ pàkúté fún. Obìnrin náà bú sẹ́kún, bàbá rẹ náà bú sí i, èmi náà kò lè dá dúró láìsunkún.

Lẹ́yìn náà ni Onífìlà-igbá wá sọ èyí tó kàn ọ́. Ó ní ẹni tó bá yá ẹlòmíràn ní láísẹ́ńsì, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, pé ìwọ náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Mo ní o kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ní gbogbo ìyá ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù nínú ìyẹ̀fun yẹn, ó fa pákó náà tu kúrò lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìṣó, ó gbé e wá fún Onífìlà-igbá. Ó ní òun lòun gbé e kọ́ fúnra òun, òun lòun purọ́ pé òun ni. Ó ní bó bá jẹ́ àtìmọ́lé ni, kó jẹ́ ká lọ, ṣùgbọ́n kó má fọwọ́ kan ìwé ọmọ òun, pé òun rí ọ nígbà tí ò ń fi àbẹ́là kàwé nínú ilé tí kò níná. N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ.

Obìnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun á kọ ọ́ pé o kò mọ̀, ṣùgbọ́n kí o wá sí ọ́fíìsì wọn kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́, kí o sì tún gbogbo ilé wọ̀nyẹn ṣe. Ní ti bàbá rẹ, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà mọ́, àfi tó bá lọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ní láísẹ́ńsì. Ó ní òfin kò sọ pé àgbà kò lè kọ́ṣẹ́. Mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Bàbá rẹ kò mọ̀ ọ́n sí àwàdà. Ó ti lọ bá ọkùnrin oníṣẹ́ iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ọkùnrin náà ní òun kò lè gba ọmọ-iṣẹ́ tó dàgbà ju bàbá òun lọ, ta ni yóò rán an níṣẹ́? Nítorí náà, ìwọ ló kù.

Ó ti gba fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ọjọ́ orí, ó kọ ọ́ pé àgbà. Níbi tí wọ́n ti bèèrè ìrírí, ó ní òun ti rí púpọ̀. Wọ́n bèèrè pé ṣé ó ní àìlera, ó kọ ọ́ pé ìyàwó òun ni kí wọ́n bi léèrè. Àyè ọ̀gá tó máa gbà á nìkan ló ṣófo, ibẹ̀ ló fẹ́ kí o fọwọ́ sí.

Jọ̀wọ́ wá kíákíá, nítorí òkùnkùn ni télọ̀ àti oníbàtà wà, ìjà wọn kò sì tán. Máa mú wáyà tó dára bọ̀, èyí tó ń lọ sínú ilẹ̀ yẹn ni kí o kọ́kọ́ rà fún ilé búrẹ́dì. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún bàtà tí iná kì í gbà kọjá, ẹsẹ̀ bàbá rẹ fẹ̀, má gbàgbé. Owó fọ́ọ̀mù náà ṣì wà láti san, wọ́n ní inú báńkì ni ká san án sí, àwọn kò gba owó lọ́wọ́ èèyàn. Mo ní kí n kúkú fi fún obìnrin náà kó mú un lọ, ó ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ayé ti yí padà. Tí ohunkóhun bá ṣẹ́kù, orúnkún mi wà níbẹ̀.

Ohun kan ló ń dà mí láàmú. Tí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣé "o" ni bàbá rẹ yóò máa pè ọ́ ni, àbí "ẹ"? Tó bá pè ọ́ ní "o", àwọn èèyàn á ní kò bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Tó bá pè ọ́ ní "ẹ", ṣé wàá lè dáhùn? Mo bi í, ó ní kí n má da òun láàmú. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, mo gbọ́ ohùn lẹ́yìnkùlé, mo yọjú. Ó dúró níwájú òpó okùn aṣọ, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń sọ fún òpó náà pé ọ̀gá mi, ẹ káàárọ̀, kí lẹ fẹ́ kí n gbé?

Ọwọ́ rẹ kò ní í gbọ̀n. Ojú rẹ kò ní í ṣì wáyà mú. Ẹni tí o kọ́ níṣẹ́ kò ní í dójú tì ọ́, pàápàá èyí.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò tíì tan iná láti ọjọ́ náà.