Ẹyin Márùn-ún Ìbẹ́pẹ

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún

Òjò. Aṣọ mi ò gbẹ láti ọjọ́ Ajé. Aago márùn-ún àárọ̀ ni mo dìde lọ bu wàrà sóyà fún àwọn oníbàárà Màmá Lo, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti ibẹ̀ lọ sí kíláàsì, mo sùn lójú olùkọ́. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti Pingtung wá sí Taipei yìí. Àwọn tó mọ orúkọ mi ní kíláàsì ò tíì pé méjì.

Ẹ̀gbọ́n Wan-ju nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ó ti wà ní ọdún kẹrin ní yunifásítì. Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ ló ń pè mí, torí pé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ la fi ń jẹun nílé wa: à ń rà á, à ń tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi pa, à ń ta ọmọ rẹ̀. Orúkọ náà kọ́kọ́ ń dùn mí. Ní báyìí, ọjọ́ tí n kò bá gbọ́ ọ máa ń gùn.

Ejò rẹ̀, Ìbẹ́pẹ — ó pọ́n bí inú ìbẹ́pẹ. Ejò àgbàdo, kò lóró, kì í bínú. Ó bọ́ awọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò jẹ eku mọ́, ó kàn ń yí kiri nínú àpótí koríko tútù. Ẹ̀gbọ́n ní ó kù díẹ̀ kó yé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Ó ti yé. Mẹ́rìnlá!

Ẹ̀gbọ́n kan ilẹ̀kùn mi tòun ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. "Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ! Jáde! Ṣebí o ní o mọ ẹyin, wá jẹ́ ká rí i!"

A pa iná yàrá. Mo fi tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyin ejò rọ̀ bí awọ, kò le bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni iná ń fi hàn. Èyí tí kò lọ́lẹ̀ ń tàn bí òróró lásán. Èyí tó lọ́lẹ̀ ń pọ́n, òwú ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín á sì nà káàkiri inú rẹ̀.

Mẹ́sàn-án òfìfo. Márùn-ún lọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ìbẹ́pẹ ti pé ọdún mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti yé rí, òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Dókítà ẹran ti ní kò gbọdọ̀ sí ìkẹrin. "Mi ò fẹ́ tà wọ́n o. Ọ̀kan péré tó jọ ọ́ ni mo ń wá, kó tó kú."

Ó fi pẹ́ńsù sàmì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sínú àpótí olóoru. Lọ́la ló ń lọ kọ́ṣẹ́ ní Taitung, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo bi í ta ni yóò máa wò wọ́n.

"Ìwọ ni. Tọ́jú wọn bí ẹni pé ti ilé yín ni."

Ẹnì kan gbẹ́kẹ̀ lé mi ní ìlú yìí.

Àìkú, ọjọ́ karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n ti lọ. Mo yí ẹyin. Nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni Ìyá àgbà ń yí tiwọn, kí ọmọ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo. Ìwọ̀nyí kéré — ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ á tó. Ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

Mo yí wọn. Kíláàsì. Òjò. Yàtọ̀ sí àwọn ẹyin, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Mo lọ ra eku dídì fún Ìbẹ́pẹ lọ́dọ̀ Bàbá Chiu, tó ń ta oúnjẹ ejò fún Ẹ̀gbọ́n. Ó béèrè bí àwọn ẹyin ṣe ń ṣe sí. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀, ẹnu mi yá: mo ní alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni mò ń yí wọn, n kò tíì jẹ́ kó yẹ̀.

Ó gbé eku sílẹ̀. "Ò ń ṣe kí ni?"

"Mò ń yí wọn, sà."

"Yé! Ta ló ń yí ẹyin ejò? Ṣé o fẹ́ dín in ni?"

Oníbàárà kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Chiu wo ojú mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní òkè ẹyin ni ọlẹ̀ ejò ń lẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá yí i, ó lè rì sínú omi ara rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń sàmì nìyẹn, kí apá ibẹ̀ lè máa wòkè títí yóò fi pa. "Ó lè má ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ó sì lè pa gbogbo wọn."

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo ti yí wọn. Àmì ti wà nísàlẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Mo rò ó títí orí fi fọ́ mi. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ báyìí, Ẹ̀gbọ́n ò ní rí àmì kankan lókè, á sì mọ̀. Bí mo bá dá wọn padà, kò ní mọ̀ láé. Ṣùgbọ́n dídá padà náà, yíyí ni. Àwọn ni yóò fi ẹ̀mí bo àṣírí mi.

Ó pè. "Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ, àwọn ọmọ mi ńkọ́?"

Mo ní wọ́n wà.

"Ohùn rẹ ti rẹ̀ jù. Lọ jẹun."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ṣí àpótí. Ìka mi ti wà lórí ọ̀kan. Mo dé e padà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó rẹ̀ mí. N kò tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn. N kò fẹ́ mọ̀.

Ajé, ogúnjọ́

Ó pè lẹ́ẹ̀mejì. N kò gbé e.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Ó dé, oòrùn ti jó o lójú, àpò ìrẹsì Taitung wà léjìká rẹ̀. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó bọ́ bàtà. Mo ti kọ ohun tí màá sọ sórí bébà, n kò lè kà á.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ṣí i. Mo yí wọn. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Mo rò pé bíi ti pẹ́pẹ́yẹ ni."

Ó wọlé, ó ṣí àpótí, ó wò ó pẹ́. "Àmì wọn dà?"

"Ó wà nísàlẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò dá wọn padà? Ǹ bá má mọ̀."

"Ẹ̀ bá má mọ̀. Àwọn ni ì bá mọ̀."

Ó na tọ́ọ̀ṣì sí mi. "Ojú tìrẹ ló mọ̀ ọ́n. Sọ ọ́ síta."

Èkíní: òwú ẹ̀jẹ̀ ti já, òrùka dúdú kan ló kù. Mo ní ó ti kú. Èkejì, bákan náà. Ẹ̀kẹta pọ́n. Mo dúró dúró — nǹkan kan tó bí èékánná mira. Mo ní ó wà láàyè. Ẹ̀kẹrin ti kú. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì kúrò. Ẹ̀gbọ́n ní, "Má dúró." Ẹ̀karùn-ún: òwú ẹ̀jẹ̀ dé gbogbo igun. Ó wà láàyè.

Méjì.

Ó mú mẹ́ta kúrò. Ó sàmì tuntun sórí méjì, bí wọ́n ṣe dùbúlẹ̀ gan-an. Ó ní kí n máa lọ sí yàrá mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

A pàdé nílé ìdáná. Ó bu omi, ó jáde. Kò pè mí ní Ọmọ Pẹ́pẹ́yẹ. Kò pè mí ní ohunkóhun.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Ó kan ilẹ̀kùn. Ó tún ń lọ sí Taitung, ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi í bóyá kò rí ẹlòmíràn.

"Mo bẹ Chun-hao ní kíláàsì wa. Ó ní bí òun bá rí ejò nínú yàrá, kí wọ́n máa wá òkú òun. Ó ku ìwọ."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa mẹ́ta."

"Mo mọ̀ ọ́n kà. Iṣẹ́ kan péré ni mo fẹ́ gbé fún ọ: má ṣe nǹkan kan. Wo ooru, wo omi, má fọwọ́ kàn wọ́n. Ṣé o lè ṣe é?"

Mo ní màá gbìyànjú.

"Má gbìyànjú. Jókòó." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Inú ṣì ń bí mi o."

Mo ní mo mọ̀.

Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà

Ó ti lọ. Ooru, méjìdínlọ́gbọ̀n. Inú àpótí ṣì ní ọ̀rinrin. Èyí tó wà lápá òsì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, bí ẹni tí oorun fẹ́ gbé ṣubú. Ọwọ́ ń yún mi láti tún un ṣe.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, mo jókòó tì wọ́n.