Fóònù Tí Kì Í Bàjẹ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí.

Fóònù ni mò ń tún ṣe. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ fóònù méjì ń bára wọn du oníbàárà, ọ̀kan ń lo síìmù, èkejì ò lò ó rárá. Mo wo tábìlì mi: fóònù onísíìmù ló kún ibẹ̀. Ti èkejì ò wá rí! Mo ní, "Èyí mà lágbára o!" Mo rọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aránṣọ ni wọ́n, kí wọ́n fi owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ra ṣíà, ìyẹn ìpín, nínú ilé-iṣẹ́ tí kò lo síìmù náà.

Àṣé torí pé àwọn èèyàn ò ra fóònù wọn ni kò ṣe dé tábìlì mi. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, ṣíà wa di bébà lásán.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà pé ó ti kógbá sílé. Lánàá, wọ́n gbé fóònù wọn, ti ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà, wá: "Àbúrò mi, bá mi wò ó, kò dún mọ́." Mo tú u, mo nù ún, mo tò ó padà. Kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n jókòó síwájú mi, wọ́n ń retí.

Apá mi ò ká a mọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?